Ìrìn Àjò sí Yàrá Àkànbí ní Bẹyẹrúnká

Ẹ̀wà ni Fọlákẹ́ ìyàwó mi ń ṣà lọ́jọ́ tí a jọ wà gbẹ̀yìn. Àtẹ wà lórí itan rẹ̀, èmi sì ń ka ìwé ìpíngún Àkànbí, bàbá bàbá rẹ̀, sí i létí. Káfíńtà rélùwéè ni bàbá náà láyé òyìnbó, Èkó ló kú sí. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé: “Yàrá mi ní ilé Gbẹ́nàgbẹ́nà, Bẹyẹrúnká, n'Ìbàdàn, kí ẹnikẹ́ni má tà á. Ti ọmọ mi tó bá padà wálé ni.”

Kò sí ọmọ rẹ̀ kankan tó padà. Fọlákẹ́ ní, “Bí òjò bá dá, a ó lọ kí wọn.” Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò mọ́ bá a láyé. Mo fi aṣọ bo àtẹ ẹ̀wà náà, mo gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, mo ní n ó lọ tú ọ̀fọ̀ rẹ̀ fún wọn. Àwọn àbúrò mi ní ọkọ kì í fúnra rẹ̀ ru irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ sílé àna, pàápàá àna tí kò mọ̀ pé òun ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù tèmi ni pé kí wọ́n má sọ pé àwọn kò mọ̀ ọ́n rí.

Mo kúrò l'Ábẹ́òkúta kí wọ́n tó pe ìrun àárọ̀. Náírà mẹ́ta ni owó ọkọ̀ nígbà náà. Ní Omi-Adió mo ra àkàrà gbígbóná àti ẹ̀kọ, ẹ̀kọ wọn rọ̀ ju tiwa lọ. Ọ̀nà dára, àfi eruku pupa tó sọ agbádá funfun mi di aláwọ̀ osùn.

Awakọ̀ takisí tó gbé mi ní Dùgbẹ̀ bi mí pé, “Bàbá, ṣé ẹ mọ ilé tí ẹ ń lọ?”

“N kò mọ̀ ọ́n. Ìwé ló mọ̀ ọ́n.”

“Háà! Kí ìwé náà sọ̀kalẹ̀ ní Bẹẹrẹ kó máa fẹsẹ̀ rìn o. Ọkọ̀ mi kò lè wọ kọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn.”

Mo fẹsẹ̀ rìn. Lọ́dọ̀ wa, àpáta ló wà lókè ìlú. Níbẹ̀, gbọ̀ngàn Màpó olópòó ràbàtà ló jókòó sórí òkè, tí ó ń wo òrùlé pupa lọ rẹrẹ.

Ìyá Àlàájà, ọmọ àbúrò Àkànbí, ló dàgbà jù nílé Gbẹ́nàgbẹ́nà. Mo ka ìwé náà fún un. Ó pàtẹ́wọ́.

“A kò tà á o! Ewúrẹ́ ló ń sùn síbẹ̀, ṣùgbọ́n a kò tà á. Ta wá ni ìwọ?”

“Ọkọ ọmọ ọmọ rẹ̀ ni mí, mà.”

Ilé dàrú. “Ẹ̀gbá ló gbé ọmọ wa láìdána!” Mo dọ̀bálẹ̀. Obìnrin kan tí kò tó àbígbẹ̀yìn mi ní, “Àna, èmi ńkọ́? Ọmọ ilé lèmi náà.” Mo tún dọ̀bálẹ̀. Orúnkún mi ké. Wọ́n ka iṣu, obì àti oyin tí mo jẹ wọ́n, gbogbo wa sì ń rẹ́rìn-ín, títí Ìyá Àlàájà fi ní:

“Ìgbà wo lo máa mú un wá ká rí i?”

“Ìyá, ohun tó gbé mi wá nìyẹn. Fọlákẹ́ ti papò dà.”

Ẹ̀rín dá. Ìyá Àlàájà bi mí ní oríkì rẹ̀. Mo ní Àjíkẹ́.

“Ẹ lé ewúrẹ́ jáde,” ó wí. “Ẹ gbá yàrá. Àjíkẹ́ dé.”

Wọ́n tẹ́ ẹní síbẹ̀, a jọ jókòó, wọ́n sunkún ọmọ tí wọn kò rí rí. Nígbà tí oúnjẹ dé, Ìyá Àlàájà ní, “Ta ló ń dáná fún ọ?”

“Búrẹ́dì ni mo ń jẹ, mà.”

“Búrẹ́dì! Àna wa yìí, ṣé ọmọ iléèwé ni ọ́ ni?” Ẹ̀rín tún padà wọlé.

Àṣálẹ́ ni mo délé. Mo ti rò pé ìròyìn ikú ni mo gbé lọ; mo rí i pé mo mú ìyàwó mi délé ni. Mo gbé àtẹ ẹ̀wà Fọlákẹ́ sílẹ̀ láti orí kọ́bọ́ọ̀dù. Kòkòrò ti jẹ díẹ̀. Mo wọ awò ojú mi, mo ṣa èyí tó kù, mo gbé e kaná. Iyọ̀ pọ̀ jù. Mo jẹ ẹ́ tán.