Ẹ̀wù Yunifásítì Tí Mo Ká Lórí Okùn

Ọjọ́ Ajé ọdún Àjíǹde ni mo ká ẹ̀wù yunifásítì Súlè, ọ̀rẹ́ mi, lórí okùn ilé wọn l'Ájégúnlẹ̀ láìsọ fún un. Láti ìgbà náà, mò ń wọ̀ ọ́ lọ síbi iṣẹ́ ní Wharf Road bí ẹni tó kàwé ní yunifásítì náà.

Lónìí, Ṣọlá, ọmọ ọ̀gá wa, tó fẹ́ wọ yunifásítì náà, bi mí:

"Ẹ̀gbọ́n, kí ló fà yín lọ síbẹ̀?"

Irọ́ tán lẹ́nu mi. "Ẹ̀wù wọn ni. Póòlì ni mo lọ, mi ò lọ yunifásítì."

"A kúkú mọ̀! Ilé ìkàwé wọn ló wu èmi."

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́, ẹ̀wù ta ló wà lọ́rùn yín?

Mo ti fọ tọrùn mi, mo sì ti lọ sá a padà sórí okùn Súlè.