Ẹran Ìsàlẹ̀ Abọ́

Bí àwọn ọmọ ilé ìwé bá jáde lọ́sàn-án, tí mo gbọ́ ariwo wọn lójú títì iwájú ilé mi ní Ọmù-Àrán, ọwọ́ mi á dúró nínú abọ́. Màá rí i pé mo ti ti ẹran tó tóbi jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kò sì sẹ́ni tí mo ń fi í dè.

Ní Ẹ̀sìẹ́ tí wọ́n bí mi sí, àgbàlagbà kì í jẹun tán. Bàbá bàbá mi á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, á máa fi sùúrù bu iyán rẹ̀, àwa ọmọ agbo ilé á máa ṣe bí ẹni ń ta òkòtó nínú àgbàlá, ojú wa á sì wà lára abọ́. Bó bá ti húkọ́ báyìí, eré parí. Á ti abọ́ sí wa: iyán díẹ̀, ọbẹ̀ ẹ̀gúsí, àti ẹran kan nísàlẹ̀ abọ́ tí kò fọwọ́ kàn. Kó tó pín in, oníkálukú gbọ́dọ̀ sọ ohun tó rí lọ́jọ́ náà. Ta ló jà lódò? Ewúrẹ́ ta ló jẹ iṣu ta? Orúnkún ò jẹ́ kí Bàbá jáde mọ́, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀rọ̀ ìlú tí kò mọ̀. Mi ò gbọ́ ọ rí kó ní òun dá wà.

Èmi náà ti di arúgbó. Ọkọ mi ti kú, Èkó ti gba àwọn ọmọ mi. Wọ́n kọ́ ilé fún mi, wọ́n mọ fẹ́ǹsì yí i ká. Ọlọ́run ló mọ ẹni tí wọ́n ń fi lé. Lọ́dún tó kọjá, àwọn ọ̀dọ́ kan wá, wọ́n ní àwọn fẹ́ bá àwọn àgbà ṣeré. Wọ́n gbé ìrẹsì inú ike fún mi, a ya fọ́tò, wọ́n lọ. Ìrẹsì náà dùn. Èmi nìkan ni mo jẹ ẹ́.

Bísí, ọmọ ilé ìwé tí ìyá rẹ̀ ń ránṣọ lódìkejì títì, nìkan ló ń yà sọ́dọ̀ mi. Á jókòó, á máa ròyìn tíṣà rẹ̀, inú mi á dùn débi pé màá gbàgbé orúnkún tèmi. Lọ́jọ́ kan, mo húkọ́ bíi ti Bàbá, mo ti abọ́ sí i. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ẹran sẹ́nu ni ìyá rẹ̀ yọ lẹ́nu géètì.

“Tu ú dànù! Tu ú!” Ó ki ìka bọ ọmọ lẹ́nu. Lẹ́yìn náà ló wá kúnlẹ̀ fún mi. “Màmá, ẹ má bínú. Wọ́n ti kìlọ̀ fún wa pé inú oúnjẹ ni wọ́n ti ń gba ọmọ.”

Àjẹ́ ló pè mí, ó kàn fi ìkúnlẹ̀ bò ó ni. Ó bí mi nínú, ó sì ń bí mi nínú di òní. Ohun tí wọ́n fi tọ́ mi dàgbà ló wá di májèlé lójú rẹ̀.

Bísí ò yà mọ́. Á kàn ké láti òdìkejì títì, “Ẹ káàsán, Màmá,” ìyá rẹ̀ á sì pè é wọlé. Ọwọ́ mi ò kúkú gbọ́, ó ṣì ń ti ẹran sẹ́gbẹ̀ẹ́. Lánàá, mo jókòó tì í títí ọbẹ̀ fi dì. Nígbà tó sú mi, mo mú un, mo jẹ ẹ́. Láti ìgbà tí mo ti dàgbà, mi ò jẹ ẹran ìsàlẹ̀ abọ́ rí. Ó rọ̀, iyọ̀ rẹ̀ sì pé, ṣùgbọ́n kò lọ lọ́fun mi. Mo húkọ́.

Ewúrẹ́ Ìyá Bísí ló yọjú lẹ́nu géètì.