Àmì Kan Lórí Ọbẹ̀ Ẹ̀pà

Wọ́n fi ọmọ mi ṣe ẹlẹ́yà níwájú gbogbo ìjọ nítorí àmì ohùn kan ṣoṣo, kò sì sí ẹni tó tíì bẹ̀ ẹ́.

Mo máa sọ ọ́ bó ṣe rí, n kò ní fi kún un. Ọjọ́ Sátidé tó ṣáájú ìkórè ìjọ wa ni, nílé wa ní Cheverly, ní Amẹ́ríkà níbí. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni ọmọbìnrin mi, ibí ni mo bí i sí. Ó ní òun fẹ́ se ọbẹ̀ kan tí òun jẹ nílé ọ̀rẹ́ òun ní Laurel. Ará Indonéṣíà ni ìyá ọ̀rẹ́ náà. Mo ní kó bọ́ sí kíṣìnnì, kí n máa wòran.

Ó gé itan adìẹ wẹ́wẹ́, ó dín in nínú òróró díẹ̀ títí ara rẹ̀ fi pọ́n. Ó da aáyù àti atalẹ̀ lílọ̀ sí i, òórùn gba gbogbo ilé. Ó bu ẹ̀pà lílọ̀ inú ìgò, èyí tí a máa ń fi jẹ búrẹ́dì, ó fi omi àgbọn pò ó, ó wọ́n omi dúdú oníyọ̀ tí wọ́n ń pè ní sóyà sọ́ọ̀sì sí i, ó dà á lé adìẹ lórí, ó ya ọsàn wẹ́wẹ́ sọ́tọ̀ dìgbẹ̀yìn. Ìgbà tó fẹ́ bu ṣúgà ni mo pariwo.

"Ṣúgà kẹ̀? Nínú ọbẹ̀?"

"Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kàn tọ́ ọ wò."

Mo tọ́ ọ wò. Ká sòótọ́, mo tún tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kejì.

"Ó jọ súyà, àbí?" Ó ń rẹ́rìn-ín. "Súyà tó ní omi ọbẹ̀."

Ìrẹsì ò tíì jinná tí adìẹ ti ṣetán. Òun fúnra rẹ̀ ló ní òun máa se ìkòkò ńlá lọ sí ìkórè, òun náà ló ní òun máa kọ orúkọ ọbẹ̀ náà ní Yorùbá. N kò rán an. Ó kọ ọ́ gàdàgbà sórí páálí funfun: Ọ̀BẸ Ẹ̀PÀ. Ọbẹ̀ ló fẹ́ kọ. Àmì tó yẹ kó wà lórí "ẹ" ló gbé sórí "ọ", ni ọbẹ̀ bá di ọ̀bẹ tí a fi ń gé ẹran. Inú báàgì rẹ̀ ló fi páálí náà sí. Gbọ̀ngàn ìjọ ni èmi náà ti kọ́kọ́ rí i lọ́jọ́ ìkórè.

Alága ètò ti rí i ṣáájú mi. Ó gbé maikirofóònù.

"Ẹ̀yin ará, ẹ wá wo nǹkan! Ọ̀bẹ ni wọ́n sè fún wa lónìí o! Ẹ rọra jẹ ẹ́, kó má lọ gé yín láhọ́n!"

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Màmá kan ké láti ẹ̀yìn: "Ẹ bá mi mú kan wá, ẹran tèmi le!" Ẹlòmíràn ní, "Ọmọ Amẹ́ríkà, o kú iṣẹ́ o!" Ọmọ mi dúró sídìí tábìlì pẹ̀lú ṣíbí ńlá lọ́wọ́. Ó ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Síbẹ̀, ó yọ páálí náà, ó ká a, ó tì í bọ àpò.

N kò sọ pé ìkà ni alága wa. Nígbà tí mọ́tò wa bàjẹ́, òun ló ń gbé mi lọ síbi iṣẹ́ ní National Harbor láìgba kọ́bọ̀. Ó rò pé òun ń ṣeré ni. Ṣùgbọ́n ìwé ètò ìsìn tó wà lọ́wọ́ gbogbo wa lọ́jọ́ náà, Yorùbá ni orin inú rẹ̀, kò sì sí àmì ohùn kankan níbẹ̀ látòkè délẹ̀. Ta ló fi ìyẹn rẹ́rìn-ín? Àwọn tí kò gbìyànjú rárá, a kò bi wọ́n. Ọmọ tó gbìyànjú la dójú tì.

Wọ́n jẹ ọbẹ̀ náà tán, wọ́n fi ìrẹsì nu ìdí ìkòkò. Èmi ni wọ́n wá bi bí a ṣe ń sè é, ẹni tó sè é sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó dá wọn lóhùn pé, "Ìgbẹ̀yìn lẹ máa fi ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, mà."

Ọ̀kan nínú wọn ké, "Ah-ah! So you can hear Yoruba?"

Wọ́n ti mọ ọmọ mi láti jẹ́lé-ó-sinmi o!

Nínú mọ́tò, ó ní, "Mummy, from now on, just English, please."

Mo rò pé yóò gbàgbé. Kò gbàgbé. Tẹ́lẹ̀, gbogbo ìrọ̀lẹ́ Sunday ló máa ń bá ìyá mi ní Ìbàdàn sọ̀rọ̀ lórí fóònù, tí wọ́n á máa tàkúrọ̀sọ bí ọ̀rẹ́. Ìyá mi ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ní báyìí, "Tell Grandma I said hi" ló kù, á sì ti fóònù padà sí mi lọ́wọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá mi bi mí léèrè pé, "Ṣé mo ṣẹ ọmọ náà ni?"

Alága, àti ẹ̀yin tí ẹ rẹ́rìn-ín, kí ni kí n sọ fún ìyá mi? Èwo nínú yín ló máa wá jókòó ti ọmọ yìí, tí yóò bẹ̀ ẹ́ ní Yorùbá, tí yóò sì fi sùúrù fi ibi tí àmì náà ń jókòó sí hàn án? Ìgbà wo lẹ ń bọ̀?