Lúsíà, Adìyẹ àti Àwọn Ìyá Mi Méjèèjì

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tẹlifíṣọ̀n kan ṣoṣo ló wà nílé wa ní Ṣàngó, n'Ílọrin, yàrá ìyá tó bí bàbá mi ló sì wà. Àlájà là ń pe ìyá àgbà náà. Wọ́n ní aṣọ funfun kan tí wọ́n fi ń bo tẹlifíṣọ̀n ọ̀hún, bí ẹni ń bo oúnjẹ kí eṣinṣin má baà bà lé e. Ọmọ tó bá fọwọ́ elépo kan aṣọ yẹn, ẹni náà fẹ́ jẹ ìgbájú ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá jẹ́ ẹgbẹ́ mi á rántí irú tẹlifíṣọ̀n bẹ́ẹ̀, èyí tó yọ ikùn sẹ́yìn, tí wọ́n máa ń gbá lẹ́gbẹ̀ẹ́ kó tó gbé àwòrán jáde.

Lọ́sàn-án, tá a bá ti ilé-ìwé dé, tá a jẹ ọkà tán, tá a sì ti fọ abọ́, a máa ń ní àyè díẹ̀ ká tó lọ sílé kéú. Àkókò yẹn gan-an ni fíìmù àwọn òyìnbó kan máa ń bẹ̀rẹ̀, èyí tó ń lọ láti Àtìní títí di Jímọ̀ tí kì í tán. Lúsíà lorúkọ ọmọbìnrin inú ẹ̀. Ọmọ tálákà ni, ọmọ olówó fẹ́ fẹ́ ẹ, ìyá ọkọ kò gbà, ọjọ́ kan ò sì lè lọ kí Lúsíà má sunkún. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ kì í bá ètè wọn mu, àwọn ìyá wa ò sì gbọ́ òyìnbó. Sàlíù, ọmọ ìyálé màmá mi, tó jù mí lọ díẹ̀, ló ń ṣe ògbufọ̀ fún wọn. Ibi tí òyìnbó bá ti le jù fún Sàlíù, á fi tiẹ̀ dí i. Dókítà kan sọ̀rọ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní lọ́jọ́ kan, Sàlíù ní dókítà ní kí wọ́n máa fún Lúsíà ní ẹ̀fọ́ jẹ. Kò sẹ́ni tó jiyàn.

Nígbà tí mọ́tò gbá Lúsíà, tó wà ní ọsibítù tí kò lajú mọ́, oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun Àlájà. Nígbà tó di Jímọ̀, wọ́n ní kí àwọn ìyá wa dín màsà onírẹsì, wọ́n pín in fún àwọn ọmọ kéú, wọ́n ní ká bá àwọn ṣe àdúà fún ọmọbìnrin kan tó wà lórí ìdùbúlẹ̀ àìsàn. Àfáà béèrè orúkọ aláìsàn. Àlájà ní Lúsíà. Àfáà wo ilẹ̀ fúngbà díẹ̀, wọ́n ní kí Ọlọ́run fún un ní àlàáfíà, gbogbo wa sì ṣe àmín pẹ̀lú màsà gbígbóná lẹ́nu. Kò pẹ́ sígbà yẹn ni Lúsíà lajú. Ta ló tó sọ fún Àlájà pé kì í ṣe sàárà wọn ló ṣiṣẹ́?

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti àwọn ìyá mi. Màmá mi ni ìyàwó kékeré, Màmá Sàlíù ni ìyálé, ilé sì rọgbọ títí dọjọ́ tí ẹnì kan gún ata sínú odó tí màmá mi fi ń gún iyán. Òkèlè àkọ́kọ́ tí Bàbá fi sẹ́nu, wọ́n wúkọ́ débi pé fìlà bọ́ lórí wọn. Màmá mi ní ìyálé àwọn ló mọ̀-ọ́n-mọ̀ ṣe é kí iyán àwọn lè di ẹ̀gàn lójú ọkọ. Màmá Sàlíù búra pé àwọn kọ́, wọ́n sì fi kún un pé ẹni tó mọ iyán í gún á kọ́kọ́ fọ odó. Bí wọn ò ṣe bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́ nìyẹn. Àwa ọmọ ni wọ́n ń rán sí ara wọn: "Sàúdá, sọ fún ìyá Sàlíù pé aṣọ wọn ti gbẹ." Ìyá Sàlíù wà lẹ́nu ọ̀nà níbẹ̀, wọ́n ń gbọ́! Tí ọmọ ò bá sí nítòsí, adìyẹ ni wọ́n ń bá wí: "Ìwọ adìyẹ yìí, ojú ò tiẹ̀ tì ọ́!" Adìyẹ ọ̀hún gbọ́ èébú nílé wa ju olè lọ.

Iwájú Lúsíà nìkan ni wọ́n ti máa ń gbàgbé ara wọn. Màmá mi á pariwo pé, "Ẹ wò ó, ìyá ọkọ ẹ̀ ti ń bọ̀!" Màmá Sàlíù á dáhùn pé, "Ó máa ká a mọ́bẹ̀ lónìí!" Tí fíìmù bá parí, kálukú á gbọn ìdí aṣọ, ó di yàrá ẹ̀. Èmi àti Sàlíù ti gbà lọ́kàn wa pé bí Lúsíà bá lè máa sunkún lọ báyìí, ìjà ọ̀hún á parí.

Àfi bí Bọ̀dá Wàhábù ṣe dé. Àbúrò Bàbá ni wọ́n, wọ́n ń yá àwọn èèyàn ní fíìmù ní ṣọ́ọ̀bù kan ní títì. Wọ́n mú fíìmù apanilẹ́rìn-ín kan wá, Yorùbá ni wọ́n fi ṣe é, irú fíìmù Lúsíà yìí gan-an ni wọ́n sì fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ẹ̀. Ọkọ kan kú, ó jí, ó tún kú. Ìyàwó ẹ̀ ń dín àkàrà lọ́wọ́, ó ṣàdédé gbàgbé orúkọ ara ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ á kọ́kọ́ kọ ẹ̀yìn sí ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀, á tẹjú mọ́ ògiri, orin á bú sókè, kódà bó jẹ́ iyọ̀ ló fẹ́ tọrọ. Aláìsàn kan wà tí kì í lajú, àmọ́ táwọn tó wá kí i bá ti yíjú, á bó ọsàn wọn jẹ, á tún sùn padà.

A rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń dùn wá. Àwọn ìyá wa náà ń fi ìborùn bo ẹnu. Àlájà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

"Wàhábù," wọ́n ní, "ṣé irọ́ ni ti Lúsíà náà?"

"Eré ni gbogbo ẹ̀, Àlájà. Wọ́n ń sanwó ẹkún yẹn fún un ni."

"Èmi ni mo wá ń dín màsà kiri."

Wọ́n dìde, wọ́n pa tẹlifíṣọ̀n, wọ́n fi aṣọ bò ó, wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ tan nǹkan ọ̀hún nínú yàrá àwọn mọ́. Àánú wọn ṣe mí.

Fíìmù apanilẹ́rìn-ín yẹn kò kúrò lára àwa ọmọ. Tí wọ́n bá rán Sàlíù lómi, á kọjú sí ògiri, á mí kanlẹ̀, á ní, "Omi? Omi wo?" Èmi náà dán an wò nídìí abọ́ lọ́jọ́ kan. Mo bi màmá mi pé, "Ta ni yín? Ibo ni mo wà?" Bàtà kan péré ló dá ìrántí mi padà.

Ṣùgbọ́n láàárín àwọn àgbà, ilé ti dá páropáro. Kò sí Lúsíà tí wọ́n á jọ máa ṣàánú mọ́. Kò pẹ́ tí mo rí àpò Gánà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì màmá mi, aṣọ tèmi náà wà nínú ẹ̀. Wọ́n ní tí ilé-ìwé bá ti gba ìsinmi, Òkè-Òyì lọ́dọ̀ àwọn òbí àwọn la máa lọ gbé, pé àwọn ò lè máa bá adìyẹ sọ̀rọ̀ títí ayé. Àgbàdo Òkè-Òyì dùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n Sàlíù ò sí níbẹ̀. Mo sunkún lọ bá a. Ó ronú díẹ̀, ó ní kí n lọ mú gèlè ìyá mi wá.

Lẹ́yìn ìrun alásárì, àwọn ìyá wa ń ṣa ẹ̀wà ní àgbàlá, kálukú ní igun tiẹ̀, Àlájà wà lórí ẹní láàárín. Èmi àti Sàlíù wé gèlè jáde. A ti pinnu pé kálukú á ṣe ìyá tiẹ̀, kí ìjà míì má baà tibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. A kọ ẹ̀yìn síra wa.

"Ìwọ adìyẹ," Sàlíù na imú sókè, "sọ fún ìyàwó kékeré pé kó gbé odó ẹ̀ kúrò lọ́nà!" Ó sì fẹnu kọrin fíìmù.

Mo gbé ọwọ́ láyà, mo tẹjú mọ́ ògiri. "Adìyẹ, bá mi bi wọ́n bóyá wọ́n tún ti gún ata sínú ẹ̀!"

Adìyẹ gidi sì ń kọjá lọ. A sáré kúnlẹ̀ fún un, a ní kó jọ̀ọ́, kó bá wa parí ìjà yìí, òun nìkan ló mọ ẹnu ọ̀rọ̀.

Ẹsẹ̀ màmá mi ti ń wá bàtà. Ni Àlájà bá bú sẹ́rìn-ín, wọ́n rín in títí wọ́n fi di ẹ̀gbẹ́ mú. Màmá Sàlíù yíjú sí màmá mi tààrà.

"Ìyá Sàúdá, ṣé bí mo ṣe ń ṣe imú nìyẹn?"

"Tiyín tiẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìyálé mi."

Ìgbà yẹn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé àwọn ti bá ara wọn sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà lẹ́rìn-ín pa wọ́n. Nígbà tó rọlẹ̀, màmá mi ní, "Ta ló tiẹ̀ wá gún ata yẹn?"

"Èmi ni," Àlájà dáhùn. "Ẹ̀yin náà ò bi mí."

Wọ́n nà wá nítorí gèlè tá a wọ́ nílẹ̀. Ìyá méjèèjì ló jọ nà wá, wọ́n sì ń bá ara wọn tàkúrọ̀sọ bí wọ́n ṣe ń nà wá. N ò jẹ pàṣán tó dùn tó yẹn rí. Màmá mi kó aṣọ wa jáde nínú àpò, Àlájà ṣí aṣọ lórí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ní sàárà kì í ṣòfò, ẹni tó jẹ màsà náà yó. Sàlíù ló rò fún wọn gbogbo ohun tó ti ṣẹlẹ̀ sí Lúsíà látìgbà tí tẹlifíṣọ̀n ti wà ní pípa, ó sì dá mi lójú pé orí ara ẹ̀ ló ti hun ún.

Àlájà ti lọ, Bàbá náà ti lọ. Àwọn ìyá mi méjèèjì ṣì jọ ń gbé ní Ṣàngó, wọ́n jọ ń bá àwọn èèyàn inú fíìmù jà. Nílé tèmi, kálukú ló ní fóònù tiẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń du tẹlifíṣọ̀n, ariwo ò sí. Èmi àti ọkọ mi náà máa ń jà, ṣùgbọ́n orí fóònù la ti ń fọ̀rọ̀ ránṣẹ́ síra wa, ọmọ wa ò lè sín wa jẹ torí kò tiẹ̀ mọ̀ pé à ń jà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó bi mí pé kí ló dé tí Dádì ń dá jẹun ní pálọ̀. Mo parọ́ pé bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń wò. Ó mi orí, ó fi wáyà fóònù dí etí ẹ̀ padà, ó ń wo tiẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Mo gbé abọ́ mi, mo lọ sí pálọ̀. Ọkọ mi wojú mi, ó sún fún mi, mo sì jókòó.