Kòkúmọ́ Tó Ti Mọ̀ Tẹ́lẹ̀

Kòkúmọ́ ń lẹ táyà létí títì ní Ìkirè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń ta dòdò. Táyà jíjò niṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ni gbogbo àdúgbò fi mọ̀ ọ́n: "Mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà kò burú. Bí òjò bá ṣú, tó wá rọ̀, ẹni tó ti kó aṣọ rẹ̀ wọlé lè ní òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Aṣọ gbígbẹ lẹ́rìí rẹ̀. Ti Kòkúmọ́ kọ́ nìyẹn. Aṣọ tirẹ̀ á máa kán omi tótó lórí okùn, á ní òun ti mọ̀. Iná ìjọba dé, ó ti mọ̀. Iná lọ kí fóònù ẹnikẹ́ni tó kún, ó ti mọ̀. Ọkọ̀ epo ṣubú lójú títì, ó ti mọ̀. Obìnrin kan bí ìbejì ní Àpòmù. Kòkúmọ́ kò rí obìnrin náà rí. Ó mi orí: "Mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀."

Kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ rí kí nǹkan tó ṣẹlẹ̀.

Nasrullah ọlọ́kadà ló máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "Bàbá Dìran, bọ́ọ̀lù tòní ńkọ́? Ta ló máa jẹ?"

"Jẹ́ kí wọ́n gbá a tán ná."

Nígbà tí Iléyá ku dẹ̀dẹ̀, ilẹ̀ mọ́, àgbò Làtífù ará àdúgbò kò sí nídìí èèkàn. Okùn nìkan ló kù. Mùnírátù ìyàwó rẹ̀ figbe ta nídìí dòdò tó ń tà. Èrò pé. Kòkúmọ́ jókòó lórí táyà, ó ń run orógbó.

"Hùn. Mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀."

Mùnírátù nawọ́ sí i.

"Ẹ gbọ́ o!" ni Mùnírátù wí. "Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?"

Làtífù yíjú sí i. "O mọ̀ tẹ́lẹ̀? Ó dáa. Àgbò mi dà?"

"Làtífù, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni."

"Ojoojúmọ́ lo ń mọ̀. Ọjọ́ tó kan àgbò mi lo wá dòpè?"

Àwọn kan ní kí wọ́n wọ́ ọ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Kòkúmọ́ tu orógbó dànù. Bí orúkọ olè àgbò bá lẹ̀ mọ́ èèyàn nílùú, ọmọ-ọmọ rẹ̀ á gbọ́ ọ.

Ọ̀ṣúnbùkúnmi ìyàwó rẹ̀ sáré jáde. "Bàbá Dìran, ẹ búra! Ẹ gé irin jẹ!"

Kòkúmọ́ mú irin tó fi ń yọ táyà. "Bí mo bá mọ ẹni tó jí àgbò Làtífù, kí Ògún pa mí." Ó fi eyín gé e. Gírísì kùn ún létè.

"Kò tó!" ni Nasrullah wí. "Iná ńkọ́?"

"Mi ò mọ̀ nípa iná."

"Ìbejì Àpòmù?"

"Mi ò mọ ìyá wọn. Mi ò mọ ohun tó wà níkùn rẹ̀."

"Ọkọ̀ epo tó ṣubú?"

"Mi ò mọ̀."

Èrò ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ń kà á fún un, ó ń gé irin jẹ. Nígbà tó yá, kò sẹ́ni tó bi í mọ́, òun fúnra rẹ̀ ló ń sọ ọ́.

"Akíndèjì ẹ̀gbọ́n mi, tí mọ́tò pa ní Aṣéjìre. Mo dúró ti òkú rẹ̀, mo ní mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Mi ò mọ̀. Ká ní mo mọ̀ ni, ǹ bá dì í mú láàárọ̀. Èmi náà ni mo fẹ́ atẹ́gùn sí táyà ọ̀kadà tó gùn lọ."

Ẹ̀rín dá. Nasrullah wolẹ̀.

Làtífù gba irin lọ́wọ́ rẹ̀. "Ó tó. O ò mọ nǹkan kan. Gbogbo wa ti gbà."

Mùnírátù ń kùn. "Ẹni tí kò mọ nǹkan kan ló ń da wá láàmú látọjọ́ yìí."

"Okùn yìí ò já," ni Làtífù wí. "Ó tú ni. Bóyá àgbò fẹsẹ̀ ara ẹ̀ lọ. Dìde, ká wá a."

Kòkúmọ́ kò dúró nu ẹnu. Wọ́n pàdé bàbá àgbẹ̀ kan lọ́nà oko, Kòkúmọ́ sáré ṣáájú Làtífù, ó dọ̀bálẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ bá wa rí àgbò kan?"

"Irú àgbò wo ni?"

"Ẹ bi Làtífù. Èmi ò mọ̀."