Mọ́mì Tí Mo Kọ Sínú Kọ̀ǹpútà Ìjọba

Mo rántí ìgbà tó jẹ́ pé ìró sálúbàtà Mọ́mì lórí àtẹ̀gùn ni mo fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́ ní Thamesmead, nílùú òyìnbó. Sálúbàtà náà ti gbó, ẹ̀yìn rẹ̀ ti fẹ́ já, ó sì máa ń wọ́ ọ nílẹ̀ ṣà, ṣà, ṣà títí dé kíṣìnnì. Lẹ́yìn náà ni mo máa gbọ́ omi tó ń hó nínú kẹ́túlù, lẹ́yìn ìyẹn ni ohùn rẹ̀ á gòkè wá bá mi láti ìsàlẹ̀: "Ṣé o ti kírun? Sọ̀kalẹ̀ wá mu tíì." Kristẹni ni Mọ́mì, ará Ìjẹ̀bú. Mùsùlùmí ni èmi, ọmọ Ìbàdàn. Síbẹ̀, n kò tíì rí lèmọ́mù tó ṣọ́ ìrun mi bí obìnrin yẹn ṣe ṣọ́ ọ.

Kì í ṣe òun ló bí mi. Ìyá tó bí mi ti kú n'Íbàdàn kí n tó mọ bí inú ọkọ̀ òfúrufú ṣe rí. Yàrá ni mo gbà lọ́wọ́ Mọ́mì, nínú ilé rẹ̀ ní apá Moorings, níbi tí àwọn ilé kò ti ga, tí oníkálukú sì ní ọgbà bíńtín lẹ́yìnkùlé. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ọmọ kan ṣoṣo tó bí wà ní Kánádà, òun fúnra rẹ̀ sì ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ọjọ́ tí mo kó ẹrù dé ni mo ti ń pè é ní Mọ́mì, bí gbogbo ọmọ Yorùbá àdúgbò ṣe ń pè é. Ta ló fẹ́ pe ẹni tó dàgbà tó bẹ́ẹ̀ lórúkọ? Ṣùgbọ́n orúkọ tí mo fi ẹnu lásán pè lọ́jọ́ àkọ́kọ́, n kò mọ ìgbà tó wọnú mi lọ. Bí ojú ọjọ́ bá dára lọ́jọ́ Àìkú, tó bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, a jọ máa ń rìn lọ sí Birchmere Park lọ wo àwọn pẹ́pẹ́yẹ lórí adágún omi. Á di apá mi mú, á sì máa bú àwọn pẹ́pẹ́yẹ náà pé ọ̀lẹ ni wọ́n, pé búrẹ́dì ọ̀fẹ́ ló bà wọ́n jẹ́. Èmi á máa rẹ́rìn-ín, n kò mọ̀ pé èmi náà máa tó dara pọ̀ mọ́ pẹ́pẹ́yẹ.

Ilé ìkẹ́rùsí ńlá kan ni mo ti ń to páálí nígbà náà. Nígbà tó yá, wọ́n kó iṣẹ́ náà lọ sí ìlú mìíràn. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ wa, wọ́n gé kéèkì fún wa, ó tán. Mo wá iṣẹ́ títí, ojú mi wọnú. Mọ́mì kò fi ìgbà kankan dárúkọ owó ilé, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé owó yàrá mi ló fi ń san owó iná àti gáàsì. Ọmọ rẹ̀ ní Kánádà sì ti ń sọ fún un pé bí ayálégbé kò bá lè sanwó mọ́, kí ó gba ẹlòmíràn sílé. Kò sí ẹni tó wá sọ fún mi o. Mọ́mì kì í lo fóònù láìfi í sórí sípíkà, ọmọ náà sì ní ohùn. N kò bínú sí i, nítorí pé òtítọ́ ló ń sọ. Yàrá mìíràn kì í ṣe ohun tí n kò lè rí ní Woolwich nítòsí. Ohun tó ń já mi láyà ni kí n lọ máa gbé ilé tí ẹnikẹ́ni kò ti ní bi mí bóyá mo ti kírun.

Ni wọ́n bá ní ìjọba ń ran ẹni tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́, títí kan owó ilé, àmọ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni gbogbo rẹ̀ wà. Mo rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo ti kọ́ kọ̀ǹpútà n'Íbàdàn, mo gba ìwé ẹ̀rí, bàbá mi fi gíláàsì bò ó, ó gbé e kọ́ sí pálọ̀. Mo sọ fún Mọ́mì pé kí ó fọkàn balẹ̀, pé kí ó tó se ìrẹsì jinná, mo ti ṣe é tán. Ìrẹsì jinná, a jẹ ẹ́, ó dà. Ní láíbúrárì Woolwich, ibi tí mo ti ń tẹ̀ ẹ́ lọ ni àsìkò mi ti tán lórí ẹ̀rọ, gbogbo ohun tí mo kọ sì pòórá. Mo gbìyànjú orí fóònù. Ìyẹn ní kí n ya fọ́tò páásípọ́ọ̀tù mi, kí n sì ya ojú ara mi, ó wá ní àwa méjèèjì kì í ṣe ẹnì kan náà. Mo fá irùngbọ̀n, mo tún un yà, ó ní irọ́ ni. Mọ́mì gba fóònù, ó wò ó dáadáa.

"Ẹ̀rín lò ń rín nínú eléyìí," ó ní. "Ta lo rí tó ń rẹ́rìn-ín nínú páásípọ́ọ̀tù?"

Mo fajú ro bí ẹni tí wọ́n jí ewúrẹ́ rẹ̀ gbé. Fóònù náà gbà mí lójú ẹsẹ̀.

Báyìí ni mo ṣe dé ibi ìbéèrè. Wọ́n ní ta ni onílé mi. Mo fẹ́ tẹ orúkọ Mọ́mì, ọwọ́ mi kò gbé e. Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé kò lè jókòó kí ó máa tẹ orúkọ àgbàlagbà gbàgà fún ìjọba. Mo bá fi "Mummy" ṣíwájú orúkọ rẹ̀, bí èèyàn ṣe ń fi Alhaji ṣíwájú orúkọ ẹni tó ti lọ sí Mẹ́kà. Ìbéèrè tó tẹ̀ lé e ni pé ṣé ẹbí mi ni onílé náà. Bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́ nìkan ló wà níbẹ̀, kò sí àyè àlàyé. Obìnrin tó ń jí mi jẹ sààrì nínú oṣù ààwẹ̀, tí kì í lè sùn bí mo bá pẹ́ níta, òun ni kí n wá fi ọwọ́ ara mi kọ pé kò jẹ́ nǹkan kan sí mi? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Mo tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Inú mi dùn sí ara mi lọ́jọ́ náà bí ẹni tó ṣe sàráà.

Kò pẹ́ tí èsì dé. Wọ́n máa fún mi lówó oúnjẹ, wọn kò ní san owó ilé, nítorí pé ìjọba kì í bá èèyàn san owó ilé fún ẹbí tí wọ́n jọ ń gbé abẹ́ òrùlé kan. Mo lọ sí ibi tí wọ́n ti ń kọ̀wé sí wọn lórí ojú òpó náà, mo sì bẹ̀rẹ̀ bí a ṣe ń bẹ̀rẹ̀: mo kí wọn kú iṣẹ́, mo béèrè àlàáfíà wọn àti ti ará ilé wọn, mo gbàdúrà pé kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ó rẹ̀ wọ́n. Kí n tó kí wọn tán, àyè ìkọ̀wé ti tán. Ohun tí wọ́n fi dá mi lóhùn ni pé wọ́n ti rí i. Mo pè wọ́n lórí fóònù, orin ni wọ́n ń kọ sí mi létí títí fóònù fi kú. Nígbà tó yá ni wọ́n ní kí n wá sí ọ́fíìsì àwọn ní Woolwich.

Ọmọbìnrin kan tó dirun ni mo bá níbẹ̀, kò lè ju ọmọ àbúrò mi lọ. Ó wo kọ̀ǹpútà, ó wò mí, ó wo ọ̀tún wo òsì, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀.

"Uncle, who is this Mummy? Ṣé ìyá ẹ ni, like, tó bí ẹ? Àbí Mummy bíi ti church?"

Ó ń fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò bí ẹni pé a jọ lọ iléèwé ni, kò sí "yín" kankan níbẹ̀. N kò rí i bí àrífín rárá. Díẹ̀ ló kù kí n dìde súre fún un.

"Mọ́mì bẹ́ẹ̀ ni," mo ní. "Ilé wọn ni mò ń gbé."

"So she's not your mum."

"Màmá mi náà ni wọ́n," ni mo rí sọ.

"Uncle, abeg. Computer ò mọ ìyẹn. My own mum, gbogbo Thamesmead ló ń pè é ní Mummy. Just go online, kọ ọ́ pé she's not your mother, pé you're not related at all. Kí òun náà sign letter kan." Mo ti dìde kí ó tó tún pè mí. "And Uncle, má kí wọn mọ́."

Mo wọ bọ́ọ̀sì padà sílé, mo ṣí ojú òpó náà, ìka mi sì dúró lórí fóònù. Nínú èdè wa, àmì kan ṣoṣo ló wà láàárín kí èèyàn kọ nǹkan àti kí ó kọ̀ ọ́. Bí mo bá kọ gbólóhùn yẹn, kí ló kù tí n kò kọ̀? Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Bí ọjọ́ ṣe ń gorí ọjọ́ nìyẹn, tí mò ń jókòó sídìí tábìlì láàárọ̀, tí n kò rí nǹkan kan tẹ̀. N kò sọ fún Mọ́mì. Ojú mi náà sì ni ọmọ rẹ̀ ṣe pè láti Kánádà pé òun ti rí ẹni tó fẹ́ yàrá, pé kí wọ́n fún òun lésì.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ni Mọ́mì bá mi nídìí tábìlì. "Kí lò ń wò bí ẹni tó rí iwin?"

Mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo rò pé ó máa bínú, tàbí kí ó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Kò ṣe èyíkéyìí. Ó fa àga, ó jókòó, ó wá awò ojú rẹ̀, ó fi í sójú.

"Ta ló bi ọ́ pé kí ni mo jẹ́ sí ọ?"

"Kọ̀ǹpútà ni, ma."

"Ó dáa. Kọ̀ǹpútà ló bi ọ́, fún kọ̀ǹpútà lésì. She is not my mother. Tẹ̀ ẹ́, jàre. Ọjọ́ tí èèyàn bá bi ọ́, kí o dá a lóhùn bí ọmọ èèyàn."

Mo tẹ̀ ẹ́. Ó ń wò ó láti ẹ̀gbẹ́ èjìká mi, lẹ́tà kan tẹ̀ lé òmíràn, títí mo fi fi í ránṣẹ́. Ó fọwọ́ sí lẹ́tà tirẹ̀ náà, ó dìde, ó lọ sí kíṣìnnì. Mo gbọ́ tó ṣí omi ẹ̀rọ, tí omi náà ń dà, tó sì ń dà. Mo mọ̀ pé kò sí abọ́ kankan tí a kò tíì fọ̀. Nígbà tó ti omi náà, ohùn rẹ̀ ti padà bọ̀ sípò: "Ọmọ mi, ṣé kí n dín ẹyin sí i?"

Ìjọba san owó ilé náà. Kí ọdún tó parí, mo rí iṣẹ́ ọkọ̀ wíwà, mo sì ń san án fúnra mi. Ọmọ Kánádà kò sọ̀rọ̀ ẹlòmíràn mọ́. A tún bẹ̀rẹ̀ sí í lọ bú àwọn pẹ́pẹ́yẹ. N kò mọ̀ pé ìgbádùn ni mò ń jẹ nígbà yẹn. Mo rò pé mò ń dúró de ìgbà tí nǹkan máa dára ni.

Nígbà tó yá, àìsàn ọkàn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe Mọ́mì. Ọjọ́ kan wọ́n fi áńbúláǹsì gbé e, mo sì sáré tẹ̀ lé wọn láti ẹnu iṣẹ́. Nọ́ọ̀sì dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù, ó ní ẹbí nìkan ló lè wọlé. Ó bi mí pé kí ni mo jẹ́ sí i. Gbólóhùn tí mo tẹ̀ fún ìjọba sáré wá sí mi lẹ́nu, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n èèyàn ló ń bi mí. Ojú ló fi ń wò mí, ó ti rẹ òun náà.

"I'm her son," mo ní.

Ó wo ìwé ọwọ́ rẹ̀. Ó ní ohun tí òun rí níbẹ̀ ni pé Kánádà ni ọmọ rẹ̀ wà. Kí n tó mọ ohun tí mo máa sọ, ohùn kan jáde láti orí bẹ́ẹ̀dì tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ohùn tó ti rẹlẹ̀ gan-an.

"That's my son. Let him come." Ó mí kanlẹ̀. "Ṣé o ti kírun?"

N kò tíì kírun.

Ọmọ Kánádà wá sin ín, ó bọ̀ mí lọ́wọ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ta ilé. Ẹ̀yìn Plumstead ni mò ń gbé báyìí, nínú ilé tí ọ̀rọ̀ ìrun mi kò kan ẹnikẹ́ni. Àárò rẹ̀ ń sọ mí, kò sí ọ̀nà mìíràn tí mo lè gbà sọ ọ́. Mo ti ra sálúbàtà tó jọ tirẹ̀, mo sì ń fẹ̀yìn rẹ̀ gbálẹ̀, ìró rẹ̀ kò jọra.

Lẹ́yìn tí mo kó dé ibí yìí, mo lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà àdúgbò. Nọ́ọ̀sì tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà bi mí bóyá ìyá mi ṣì wà láàyè. Mo ní rárá. Ó ní kí ló pa á. Mo ní ọkàn ni. Ó tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Ìta ni mo wà, mo ti di ilẹ̀kùn mú lẹ́yìn mi, kí n tó rántí pé ibà ló pa ìyá mi n'Íbàdàn. Kí ìyá tó bí mi forí jì mí níbi tó wà. Ó yẹ kí n padà wọlé lọ tún un ṣe. Bọ́ọ̀sì dé, mo wọ̀ ọ́.

Ọdọọdún ni wọ́n ń kọ̀wé sí mi báyìí pé kí n wá yẹ ọkàn mi wò, nítorí irú ikú tó pa ìyá mi. Mo máa ń lọ.