Òwú Tí Baabie Rán Mọ́ Ìṣẹ́tí Gáùn

Ní erékùṣù Yell tiwa, bí oṣù Kẹta bá ti wọlé, àwọn obìnrin á bọ́ kóòtù sílẹ̀, wọ́n á sì fa gáùn onírun àgùntàn tí ìyá wọn hun yọ nínú àpótí. Òtútù ò tí ì lọ, oòrùn ò sì tí ì mú. Gáùn yẹn ló bá a mu. Èyí tí kòkòrò bá jẹ, Osla Manson ní í tún un ṣe.

Ọwọ́ Osla dára, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Àṣà wa ni pé ẹni tó bá hun aṣọ gbọ́dọ̀ rán òwú díẹ̀ mọ́ inú rẹ̀, kí òwú náà àti aṣọ jọ máa ṣá, kí àtúnṣe tí wọ́n bá fi í ṣe má baà hàn lọ́jọ́ iwájú. Ọgbọ̀n ọdún ni Osla fi ń sọ fún wa pé Baabie, aládùúgbò rẹ̀, kì í ṣe bẹ́ẹ̀, pé ọ̀lẹ ni. Baabie ò fèsì rí. Ó kú nígbà òtútù tó kọjá.

Ni Wilma, ọmọ Baabie, bá gbé gáùn búlúù ìyá rẹ̀ wá. Kòkòrò ti jẹ ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀.

“Àǹtí Osla, ọjọ́ Ìsinmi yìí la máa ṣe ìrántí màmá. Gáùn yìí ni mo fẹ́ wọ̀.”

“Màmá ẹ ò kúkú fi òwú sílẹ̀!”

Osla kó òwú búlúù mẹ́ta jáde, kò sí èyí tó bá a mu. Omijé lé ròrò sójú Wilma. Èmi tí mo ń mu tíì níbẹ̀ ò lè pa á mọ́ra mọ́.

“Ẹ tiẹ̀ yí i padà, kẹ́ ẹ wo inú ẹ̀.”

“Ìwọ tí o ò lè hun ìbọ̀sẹ̀, o fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́?”

Síbẹ̀, ó yí i padà. Òwú wà nínú ìṣẹ́tí, ó yí gáùn ká, ó ti ṣá bíi ti gáùn gẹ́lẹ́. Osla fi ìka tọ òwú náà.

“Ìbọ̀wọ́ kan ṣoṣo tí Baabie hun ni mo rí tí kò ní òwú nínú,” ó ní. “Mi ò wo inú iṣẹ́ rẹ̀ mìíràn rí.”

Ó fi òwú náà tún ìgbọ̀nwọ́ ṣe, ó sì rán èyí tó ṣẹ́ kù padà sí ìṣẹ́tí. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, ó dá gbogbo wa dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ó ká ìṣẹ́tí gáùn Wilma sókè.

“Ẹ wò ó! Etígbọ̀ọ́ yín ni mo ti pe Baabie ní ọ̀lẹ. Irọ́ ni mo pa mọ́ ọn.”

Wilma di ọwọ́ rẹ̀ mú. “Àǹtí, màmá ní bí gáùn yìí bá bàjẹ́, n ò gbọdọ̀ gbé e fún ẹlòmíì àfi ẹ̀yin.”

Ibẹ̀ ni Osla ti bú sẹ́kún.